Ìwé Yẹ́lò Tó Fẹ́ Ba Ìrìnàjò Bogotá Jẹ́

Ìwé ìrìnnà mẹ́ta ló wà lórí tábìlì, ìwé yẹ́lò méjì péré ló sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Bilkissou ti kà wọ́n lẹ́ẹ̀mẹrin, bí ẹni pé bó bá kà á lẹ́ẹ̀karùn-ún, ẹ̀kẹta á tijú, á sì yọjú.

Ọ̀gá ọlọ́pàá ni Bilkissou ní Bantè, àmọ́ ẹ má retí pé kó jókòó bí ọ̀gá. Ara rẹ̀ kì í lélẹ̀ bí ọ̀ràn bá ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Láti aago méje àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ yìí tí Latifatou ti sáré wọ ọ́fíìsì, ó ti rìn dé ojú fèrèsé, ó ti padà sídìí tábìlì, ó ti tún lọ, débi pé Évariste, igbákejì rẹ̀, ọmọ Savalou tó fi ọdún mẹ́jọ jù ú lọ, ti gbé àga tirẹ̀ sá sí kọ̀rọ̀ kó má baà tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Tún un sọ fún mi," Bilkissou wí. "Díẹ̀díẹ̀."

Latifatou nu ojú. Aránṣọ ni, gbogbo obìnrin Bantè tó bá fẹ́ aṣọ tó bá ara mu ló mọ ilé rẹ̀. Abdel-Aziz ọkọ rẹ̀ ń kọ́ àwọn ọmọ ní èdè Faransé ní Bogotá, olú ìlú Kòlóńbíà, lọ́hùn-ún ní ìhà gúúsù Amẹ́ríkà. Ọdún kan ló ní òun fẹ́ lò. Ọdún kẹfà rèé. Inú fóònù ni Oumar, ọmọ wọn kékeré tó jẹ́ ọmọ ọdún méje, ti mọ bàbá rẹ̀.

"Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ọkọ̀ òfuurufú wa máa gbéra ní Cotonou," Latifatou wí. "Èmi, Ismath, àti Oumar. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré, kí àwọn ọmọ fojú kan bàbá wọn, kí wọ́n sì rí ìlú. Lánàá, mo ka àwọn ìwé yìí ní Savalou kí n tó kúrò níbẹ̀, wọ́n pé. Láàárọ̀ yìí mo tún kà wọ́n, ìwé yẹ́lò tèmi ò sí mọ́."

Ìwé yẹ́lò yìí ni wọ́n fi ń mọ̀ pé èèyàn ti gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú. Ẹni tí kò bá ní in, ilẹ̀ ló máa dúró sí tí á máa wo ọkọ̀ òfuurufú lókè. Bilkissou ti pe Cotonou. Wọ́n ní bí Latifatou bá gba abẹ́rẹ́ mìíràn lónìí, ìwé rẹ̀ tuntun kò ní ṣiṣẹ́ títí ọjọ́ mẹ́wàá á fi pé. Ọjọ́ méjì ló sì kù.

"Ta lo ti sọ fún pé tìrẹ ló sọnù?"

"Kò sẹ́ni tó mọ̀. Mo kàn figbe ta pé ìwé yẹ́lò kan ti sọnù, mo sì sáré wá síbí."

"Jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá bi ọ́ pé ìwé ta ni, ẹkún ni kó o máa sun."

"Ìyẹn ò lè ṣòro fún un," Évariste wí láti kọ̀rọ̀.

Bilkissou ń yẹ àwọn ìwé náà wò. Inú ìwé ìrìnnà oníkálukú ni Latifatou máa ń ki ìwé yẹ́lò rẹ̀ bọ̀. Ti Ismath wà láyè rẹ̀. Ṣùgbọ́n inú ìwé ìrìnnà Latifatou, ìwé yẹ́lò Oumar ló wà níbẹ̀. Ìwé ìrìnnà Oumar ló ṣófo.

"Kí ló gbé ìwé Oumar dé inú tìrẹ?"

"Níbi tá a ti ń ṣe fọ́tókópì lánàá ni. Wọ́n ní iná fẹ́ lọ, mo kàn sáré kó wọn padà síbi tọ́wọ́ mi bá ti bà. Ó ní láti jẹ́ pé inú ti Oumar ni mo ki tèmi bọ̀."

Nísàlẹ̀ àpò náà, Bilkissou tún rí ọ̀rá kan tí wọ́n dì pa dáadáa. Ìwé èsì ìdánwò àwọn ọmọ méjèèjì ló wà nínú rẹ̀, ti Ismath bẹ̀rẹ̀ láti kíláàsì àkọ́kọ́. Ó wo ọ̀rá náà, ó wo Latifatou, ó dá a padà síbi tó ti mú un.

"Ó yá," ó wí. "Ẹ jẹ́ ká lọ sílé."

Ismath, ọmọ ọdún mọ́kànlá, ti fi ṣọ́ọ̀kì ya Bogotá sára ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wọn. Òkè gíga kan wà níbẹ̀ tí yàrá kékeré onígíláàsì ń gba orí okùn gùn lọ. Àwọn ilé tí wọ́n ya àwòrán ẹyẹ àti ojú èèyàn sí lára tún wà níbẹ̀. Títì gbọọrọ kan wà láàárín tí kò sí mọ́tò kankan lórí rẹ̀, kẹ̀kẹ́ nìkan.

"Lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n máa ń ní kí mọ́tò má gba ibẹ̀," Ismath ṣàlàyé fún Bilkissou. "Àwọn ọmọdé ló ni títì títí di ọ̀sán. Bàbá ti yá kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ dè wá."

"Wọ́n sì máa ń ju wàràkàṣì sínú ṣokoléètì gbígbóná," Oumar fi kún un. "Bàbá ní ó dùn. Màmá àgbà ní irọ́ ni."

Màmá àgbà tí ó ń wí ni Ìyá Saratou, ìyá Abdel-Aziz. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń pa ẹ̀gúsí sínú abọ́ láìwo ọwọ́ ara rẹ̀. Arúgbó ni, ó ti sin ọkọ, ó ti fi òwò aṣọ tó ń tìtorí rẹ̀ lọ sí Togo sílẹ̀, àmọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì tọ́. Bilkissou kúnlẹ̀ kí i, ó sì bi í bóyá ó rí ẹnì kan tó fọwọ́ kan àpò náà.

"Hamidou ló gbé e wọlé lánàá," ìyá náà wí. "Ọlọ́kadà tó gbé wọn bọ̀ láti Savalou. Inú yàrá ló gbé e sí. Mi ò mọ jù bẹ́ẹ̀ lọ."

"Ó dùn wá gan-an, Ìyá. Ìrìnàjò náà ti fẹ́ dàrú."

"Ẹ má jẹ́ kó dàrú. Ìwé ẹnì kan ṣáà ló sọnù. Kí Latifatou mú Ismath dání, kí wọ́n máa lọ. Èmi àti Oumar á wà níbí, a ó máa jẹun wa." Ó ju èèpo ẹ̀gúsí nù. "Ọmọdé ni, á gbàgbé."

Bilkissou dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ṣàánú ìyá àgbàlagbà tó fẹ́ gba ìnira sọ́rùn ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì jáde lọ wá Hamidou.

Wọn ò wá a jìnnà. Abẹ́ igi mángòrò ni Hamidou wà pẹ̀lú ọkadà rẹ̀, bó sì ṣe rí aṣọ ọlọ́pàá báyìí ló bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn.

"Ṣé ìwọ lo gbé àpò Latifatou lánàá?" Bilkissou bi í.

"Èmi ni, Ọ̀gá. Iwájú mi ni mo gbé e sí."

"Ṣé o ṣí i?"

"Rárá."

"Hamidou."

"Ọ̀gá, mo ṣí i díẹ̀."

Évariste ti na ọwọ́ sí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ tó wà ní àmùrè rẹ̀. Hamidou sọ fún wọn pé òjò lé àwọn wọ abẹ́ bùkà kan lójú ọ̀nà, Latifatou mú Oumar lọ tọ̀, ni òun bá ṣí àpò. Òun ò mú nǹkan kan. Ńṣe lòun fi nǹkan sí i.

"Kí lo fi sí i?"

"Lẹ́tà, Ọ̀gá. Mo kọ ọ́ sí Abdel-Aziz. Kíláàsì kan náà la jọ wà. Mo ní kó bá mi wo iṣẹ́ níbẹ̀, iṣẹ́ kíṣẹ́. Ojú ń tì mí láti fi lé ìyàwó ẹ̀ lọ́wọ́."

Bilkissou ṣí àpò kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpò Latifatou tó gbé dání. Lóòótọ́, lẹ́tà náà wà níbẹ̀, ojú ìwé mẹ́ta gbáko ní èdè Faransé, ìkọ̀wé rẹ̀ mọ́ ju ti Évariste lọ. Ó kà á tán, ó ká a padà, kò sì fi Hamidou rẹ́rìn-ín.

"Ta ló kù báyìí?" Évariste bèèrè.

"Ẹni tí gbogbo Bantè á kọ́kọ́ dárúkọ," Bilkissou dáhùn. "Viviane."

Kò sí ẹni tí kò mọ ìtàn yẹn. Viviane, tó ń kọ́ni ní èdè Sípéènì nílé ìwé gíga ní Savalou, ni Abdel-Aziz kọ́kọ́ fẹ́. Wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó kí Abdel-Aziz tó pàdé Latifatou. Ilé Viviane kan náà ni Latifatou sùn sí lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, torí òun ló mọ èdè ìlú tí wọ́n ń lọ, òun ló sì ń bá a to ìwé. Bí èèyàn bá ń wá ẹni tó fẹ́ dá Latifatou dúró, tí kò fẹ́ kó fojú kan ọkọ rẹ̀, ṣé ó tún yẹ kó wá a kọjá ibẹ̀?

Bí wọ́n ṣe ń lọ sí Savalou lórí ọkadà Évariste, ọkàn Bilkissou kò balẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ti rọrùn jù. Ó ń ti ẹ̀yìn bá Évariste jiyàn láìjẹ́ pé ọkùnrin náà sọ nǹkan kan.

Viviane gbà wọ́n lálejò, ó fún wọn lómi, kò sì fi ọ̀rọ̀ falẹ̀.

"Ẹ ti gbọ́ pé mo fẹ́ ẹ rí," ó wí. "Òótọ́ ni. Ọdún mẹ́tàlá sẹ́yìn. Mo ti lọ́kọ, mo ti bímọ mẹ́ta. Mo gbọ́ pé nǹkan kan sọnù lọ́wọ́ Latifatou. Kí ni?"

"Ìwé yẹ́lò kan."

"Ìwé ìrìnnà ńkọ́?"

"Ó wà."

"Ẹ ò wá rí i pé èmi kọ́. Odindi ọ̀sán kan ni mo fi jókòó ti àwọn ìwé yẹn. Bí mo bá fẹ́ ṣèkà, ìwé ìrìnnà ni ǹ bá mú, èyí tó ní orúkọ ẹni tí mo fẹ́ dá dúró lára. Kí ni n ó fi ìwé abẹ́rẹ́ ṣe? Ọ̀gá, ó tiẹ̀ yà mí lẹ́nu. Latifatou ní kí n bá òun túmọ̀ ìwé èsì ìdánwò àwọn ọmọ sí èdè Sípéènì. Mo bi í pé kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Kò dá mi lóhùn."

Bilkissou dìde, ó rìn yí àga po, ó tún jókòó, ó tún dìde. Viviane wo Évariste, Évariste ṣe bí ẹni pé òun ò rí i.

Nígbà tí wọ́n jáde, ebi ń pa Évariste, ebi kì í sì í jẹ́ kí inú rẹ̀ dùn. Ọdún iṣu ti kù sí dẹ̀dẹ̀, èrò kún ibùdókọ̀ Savalou. Ìyá àgbà kan ti kó ẹrù aṣọ dí iwájú ọkadà rẹ̀ pátápátá. Évariste fi Mahi, èdè ìlú rẹ̀, sọ fún un pé kó kó o kúrò, ìyá náà ní kó fara balẹ̀. Ni Évariste bá fi agbára aṣọ ọlọ́pàá hàn.

"Ìyá, ìwé yín dà?"

Ìyá náà tú etí ìró rẹ̀. Ó yọ ìwé yẹ́lò kan jáde, ó nà án sí i.

"Ìwé ìdánimọ̀ ni mo ń bèèrè, ẹ̀yin ń fún mi ní ìwé abẹ́rẹ́."

"Ìwé wo ló tún ju èyí lọ?" ìyá náà wí. "Èyí ni mo fi ń kọjá bodè Togo láti ìgbà tí ìyá ẹ ṣì wà lọ́mọge. Bó bá wà lọ́wọ́ ẹ, wàá kọjá. Bí kò bá sí, wàá padà sílé. Àwọn yòókù, fọ́tò lásán ni."

Bilkissou, tí kò tíì dúró lójú kan látàárọ̀, dúró. Évariste rí i, ó sì dá ìwé ìyá náà padà wéréwéré, ó tiẹ̀ tún bá a gbé ẹrù.

"Ẹ̀gbọ́n," Bilkissou wí, "ẹni tó kórìíra Latifatou là ń wá. Kò sẹ́ni tó kórìíra ẹ̀."

"Ìwé ẹ̀ ṣáà ni wọ́n mú."

"Ìwé ìrìnnà ta lá bá lófìfo?"

"Ti Oumar."

"Ìyẹn ni olè ṣí. Ó rí fọ́tò Oumar níbẹ̀, ó yọ ìwé yẹ́lò tó wà nínú ẹ̀, ó lọ. Ó rò pé ìwé ọmọ náà lòun mú. Orúkọ Latifatou ló wà lára ìwé yẹn gàdàgbà, àmọ́ olè ò rí i, torí kò mọ̀wé kà. Hamidou kọ lẹ́tà ojú ìwé mẹ́ta. Viviane, olùkọ́ ni."

Évariste ti gbàgbé ebi. "Ó sì mú ìwé ìrìnnà dání, ó tún dá a padà."

"Torí fọ́tò lásán ni lójú ẹ̀. Ta ló máa rò bẹ́ẹ̀?"

Àwọn méjèèjì jọ wo ìyá aláṣọ tó ń gun ọkọ̀.

"Ẹni tó ti fi ìwé yẹ́lò kọjá bodè ní gbogbo ayé ẹ̀," Évariste wí.

"A ò sọ fún ẹnikẹ́ni nínú ilé yẹn pé ìwé ta ló sọnù. Kí ni Ìyá Saratou wí fún mi láàárọ̀? Ó ní kí Latifatou mú Ismath lọ, kí Oumar dúró. Níbo ló ti mọ̀ pé ti Oumar ni?"

Inú Bilkissou kò dùn rárá. Ó wù ú kó jẹ́ Viviane, ó wù ú kó jẹ́ Hamidou, kó jẹ́ ẹnikẹ́ni tí kì í pa ẹ̀gúsí fún àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀.

Oòrùn ti ń rọlẹ̀ nígbà tí wọ́n dé Bantè. Ìyá Saratou ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà. Latifatou ń ránṣọ nínú ilé, aṣọ tí kò sẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́ pé kó rán, torí ọwọ́ rẹ̀ kò lè dákẹ́. Bilkissou pè é síta. Ó kúnlẹ̀ síwájú ìyá àgbà náà.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi mú ìwé yẹn wá."

"Ìwé wo?"

"Èyí tí ẹ yọ nínú ìwé ìrìnnà Oumar."

Ìyá náà pa ẹ̀gúsí méjì sí i. Lẹ́yìn náà ó nu ọwọ́ sí aṣọ, ó tú ìdí ìró rẹ̀, ó sì yọ ìwé yẹ́lò náà jáde. Kò ṣẹ́, kò dọ̀tí.

"Màmá," Latifatou wí.

"Mi ò fẹ́ jí i. Mo fẹ́ kí ọ̀kan dúró ni. Bí ẹ bá fi ọ̀kan sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi, ẹ ó padà wá torí ẹ̀. Abdel-Aziz ní ọdún kan lòun máa lò. Mo ka oṣù méjìlá, mo tún bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Ẹ̀ẹ̀kẹfà tí mo ń kà á rèé."

"Ìyá, ìwé Oumar kọ́ lẹ mú," Bilkissou wí jẹ́jẹ́. "Ti Latifatou ni. Wọ́n ti dàpọ̀. Gbogbo wọn ni ẹ̀ bá dá dúró."

Ìyá náà yí ìwé náà sókè, ó yí i sódì, ó ń wá nǹkan tí ojú rẹ̀ lè mọ̀ lára rẹ̀. Ojú tì í, ó sì hàn gbangba.

"Mi ò fẹ́ dá ìyá wọn dúró," ó wí. "Ọ̀dọ̀ ọkọ ẹ̀ ló ń lọ. Ó ti tó gẹ́ẹ́. Mi ò burú tó bẹ́ẹ̀, Latifatou."

Ṣùgbọ́n inú ti bí Latifatou. Odindi ọjọ́ kan ló ti fi sunkún. "Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo sọ fún yín, Màmá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré. Ẹ ò gbà mí gbọ́?"

"Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi di ẹrù aṣọ lọ sí Lomé ní Togo," ìyá náà dáhùn. "Mo mọ ẹrù ẹni tó ń padà bọ̀. Nígbà tí mo ṣí àpò ẹ, mo rí gbogbo ìwé tí wọ́n ń mú wálé láti ilé ìwé, látìgbà tí Ismath ti ń sunkún lọ síbẹ̀. Kí lẹ fẹ́ fi ìyẹn ṣe ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta?"

Bilkissou ti ń gbé ìbéèrè yìí kiri látàárọ̀, ó sì ti ń bẹ Ọlọ́run pé kó má jẹ́ òun lòun máa bèèrè rẹ̀. Ó wo Latifatou.

"Mo ti dé ọ̀dọ̀ Viviane," ó wí. "Ṣé èmi ni n ó sọ ọ́, àbí ìwọ lo máa sọ ọ́?"

Latifatou jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ ẹ̀gúsí. "Bàbá wọn ti gba àyè fún wọn nílé ìwé tó ti ń kọ́ni. Ó ti gba ilé. Mi ò mọ bí n ó ṣe sọ fún yín. Mo ní bí a bá ti débẹ̀, òun á pè yín, òun á ṣàlàyé."

"Nínú fóònù," ìyá náà wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Ẹ forí jì mí."

Évariste pa ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ dé, ó ki kálámù bọ àpò. Ó bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń yẹ táyà ọkadà tí kò ṣe nǹkan kan wò.

Ìgbà yẹn ni Oumar sáré dé, Ismath tẹ̀ lé e lẹ́yìn.

"Màmá àgbà, kí ni kí n rà bọ̀ fún yín láti Bogotá?"

"Kọ́kọ́ bi ìyá ẹ pé ìgbà wo lo máa bọ̀."

Latifatou fa ọmọ náà mọ́ra. "Oumar, a ò ní í tètè bọ̀. Ó máa ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ. Ibẹ̀ la máa gbé."

"Mo ti mọ̀," Ismath wí láìwo ẹnikẹ́ni. "Mo rí ìwé mi nínú àpò."

Oumar ronú díẹ̀. "Ta ló máa wà lọ́dọ̀ Màmá àgbà?"

Ọmọ náà wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀rọ̀ náà kò sì le lójú rẹ̀ rárá. "Nígbà náà, kí wọ́n máa bá wa bọ̀. Wọ́n á wá tọ́ ṣokoléètì náà wò, wọ́n á rí i pé kì í ṣe irọ́."

Ìyá Saratou dìde. Wọ́n rò pé ńṣe ló fẹ́ lọ sunkún nínú yàrá, Latifatou sì fẹ́ tẹ̀ lé e, Bilkissou dì í lọ́wọ́ mú. Wọ́n gbọ́ tó ń ṣí àpótí. Nígbà tó padà, ìwé kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìwé yẹ́lò tó ti gbó tí àwọ̀ rẹ̀ ti ṣá, tí òǹtẹ̀ kún inú rẹ̀. Ó gbé e fún Bilkissou.

"Tèmi rèé. Ìwọ tó o mọ̀wé, bá mi wò ó. Ṣé ó ṣì ń ṣiṣẹ́, àbí ó ti kú?"

Bilkissou gbé ìwé náà sí ìmọ́lẹ̀. Ọjọ́ tó wà lára rẹ̀ ti lé ní ọgbọ̀n ọdún. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì kó lè dá ara rẹ̀ lójú, torí kò fẹ́ parọ́ fún obìnrin yìí lónìí.

"Ó ń ṣiṣẹ́, Ìyá. Wọ́n ti yí òfin rẹ̀ padà. Ẹni tó bá ti gba abẹ́rẹ́ yẹn lẹ́ẹ̀kan, ó gbà á títí ayé nìyẹn." Ó dá ìwé náà padà fún un. "Ìwé ìrìnnà ló kù, èyí tí wọ́n ń lẹ fọ́tò mọ́. Kì í yá. Ẹ ò lè bá wọn lọ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta."

"Mi ò sọ pé ọjọ́ Àbámẹ́ta." Ìyá náà tún gèlè rẹ̀ wé, ó so ó le. "Ta ló ń ya fọ́tò ní Bantè báyìí?"

Latifatou ló dá a lóhùn. Ó ti dìde, ó ti ń wá bàtà rẹ̀.

"Mo mọ ẹnì kan, Màmá. Bá a bá lọ báyìí, a ó bá a ní ṣọ́ọ̀bù."